Adelé Ẹnu Ọ̀nà Ẹ̀yìn

Àga mẹ́rin ni wọ́n máa ń tò fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ènìyàn mẹ́ta ni ẹgbẹ́ tí à ń wí yìí ní. Lórí àga kẹrin, páàdì kan ṣoṣo, irú èyí tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ ta géèmù, ló dá wà níbẹ̀, bí àlejò tí kò sẹ́ni tó kí i. Bí eré bá wọra tán, páàdì náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n fúnra rẹ̀ lórí igi àga, gìrì, gìrì, iná pupa tó wà níwájú rẹ̀ á máa ṣẹ́jú. Ẹni tí kò mọ̀dí á máa wò ó, á máa rẹ́rìn-ín. Àwọn mẹ́ta tó mọ̀dí kì í yíjú síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó bá bá ọ̀rọ̀ yìí lójú ọ̀nà á kàn máa ṣépè fún ọmọ ọlọ́mọ ni.

Ìdíje géèmù kan wà tó máa ń rìn káàkiri àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ọkọ̀ akẹ́rù méjì ló ń kó ẹ̀rọ, bọ́ọ̀sì kan ń kó àwọn òṣìṣẹ́. Lọ́sẹ̀ méjì méjì, wọ́n á balẹ̀ sí gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ kan, wọ́n á to tẹlifíṣọ̀n ńláńlá, wọ́n á sì fa wáyà kiri ilẹ̀ débi pé ẹni tó bá gbójú sókè rìn á fi imú gbálẹ̀. Ìlú mẹ́jọ ni wọ́n ń lọ. Ẹgbẹ́ tó bá pàdánù á lọ sílé lọ kàwé, bó ṣe yẹ kí ó ti máa ṣe tẹ́lẹ̀. Èyí tó bá borí á tẹ̀ lé ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ìlú tó kàn.

Eré náà kò lọ́jú pọ̀. Ilé méjì ni, ọ̀kan fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ilé kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn mẹ́rin àti àtùpà kan láàárín. Ẹni mẹ́rin ń ṣọ́ ilẹ̀kùn mẹ́rin, wọ́n sì tún ń wá ọ̀nà láti jí àtùpà ilé kejì gbé. Ẹgbẹ́ tí wọ́n bá jí àtùpà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti tán fún un. Ó rọrùn lẹ́nu, àmọ́ ó ti pa ọmọkùnrin gìrìwò lẹ́kún níṣojú gbogbo ayé.

Ọmọkùnrin gìrìwò náà ni Òpó, tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ọ̀tún. Aláwàdà ló ń ṣọ́ ti òsì, ẹni tó ń fi ẹnu jà ju bó ṣe ń fi ọwọ́ jà lọ. Ọ̀gá wọn ni Abẹ́rẹ́, ọmọbìnrin tíńrín tó ń kọ́ iṣẹ́ ilé yíyà. Orúkọ náà mọ́ ọn lára nítorí kò sí ihò tí kò lè gbà wọlé ọlọ́lé, ẹnu rẹ̀ náà sì mọ bí wọ́n ṣe ń gún ènìyàn. Iwájú ni tirẹ̀, òun náà ló sì ń lọ jí àtùpà. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ni ín.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kì í lé ènìyàn. Kí eré tó gbóná, á kọ́kọ́ yí ilé po lẹ́ẹ̀kan, á fọwọ́ kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, á wá padà sẹ́yìn lọ dúró jẹ́ẹ́. Bí Aláwàdà bá ń pariwo pé "Wọ́n ti dé o! Wọ́n ti dé!", òun á ní "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó bá sì gba ẹ̀yìn wọlé, wọn kì í ròyìn ohun tí ojú wọn rí. Òun àti Abẹ́rẹ́ ti ń ṣọ̀rẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ to ìlà ìforúkọsílẹ̀. Kì í ṣe àfẹ́sọ́nà rẹ̀ o, kí ẹ má baà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú síra yín. Ó kàn jẹ́ ẹni tí kì í jẹ nǹkan tán kó tó rántí rẹ̀.

Ohun kan wà nínú ìdíje yìí tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Oníkálukú ló ní káàdì kékeré kan tó ń kì bọ páàdì rẹ̀. Gbogbo bí ènìyàn bá ṣe ta eré náà ni káàdì ń gbà sílẹ̀: ibi tó fẹ́ràn láti dúró sí, bó ṣe ń yà, ìgbà tó ń sá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, ìdánwò ń bẹ, àìsàn ń bẹ. Bí ẹnì kan kò bá lè wá, wọ́n á ki káàdì rẹ̀ bọ páàdì, ẹ̀rọ á sì máa ta á gẹ́lẹ́ bí onítọ̀hún ì bá ti ta á. Adelé ni wọ́n ń pè é. Òfin ò béèrè ju lẹ́tà kan lọ, tí ẹni tó ni káàdì fọwọ́ sí, pé òun yọ̀ǹda kí adelé jókòó sípò òun. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé ẹni tó ń bọ̀ ni wọ́n ń delé dè.

Ìlú kẹta ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Wọ́n ti ta ìdajì eré, wọ́n fún wọn ní ìsinmi díẹ̀. Òpó àti Aláwàdà lọ wá omi mu. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bọ́ ohun etí tí wọ́n fi ń gbọ́ ohùn ara wọn sílẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ojú.

"Abẹ́rẹ́, orí ń fọ́ mi," ó ní. "Orí yìí ò dáa rárá. Ó dà bíi pé nǹkan ń gún mi lẹ́yìn ojú."

Abẹ́rẹ́ wo aago tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n. Ìṣẹ́jú méjìlá ló kù.

"Fara dà á," ó ní. "Ó ku díẹ̀. Bá a bá ti ṣe tán, èmi fúnra mi ni màá sìn ẹ́ lọ sí kílíníìkì. Àbí o fẹ́ kí wọ́n lé wa lọ sílé ni?"

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gbé ohun etí rẹ̀ padà sórí. Nínú ìdajì kejì yẹn, Abẹ́rẹ́ rí i nígbà mẹ́ta tó kọjú ọmọ eré rẹ̀, ẹni tó ń darí lójú tẹlifíṣọ̀n, sí ògiri, tó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tó di ojú ara rẹ̀. Á tó ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn á fi ka ení dé èje. Lẹ́yìn náà, á lajú, á padà sẹ́nu iṣẹ́.

Wọ́n borí. Ariwo sọ, wọ́n gbé Aláwàdà sọ́rùn, wọ́n fò, wọ́n ya fọ́tò. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní òun ń lọ sùn nínú bọ́ọ̀sì. Abẹ́rẹ́ gbàgbé kílíníìkì pátápátá, bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n jí i, kò jí dáadáa. Ọjọ́ kẹta, ó kú sí ọsibítù.

Ẹ̀jẹ̀ ló ń jò nínú orí rẹ̀, dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ká ní wọ́n tètè gbé e wá lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni, kò parí rẹ̀, ó kàn mi orí. Ìyá ọmọ náà béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé ṣé kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ara òun ò yá ni. Òpó ní kò sọ. Aláwàdà ní kò sọ. Abẹ́rẹ́ wo bàtà rẹ̀. Ẹyin lohùn, tó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èyí tí òun sọ ní ìlú kẹta ti fọ́, òun nìkan ló sì mọ̀.

Ẹ̀yin náà á wí pé kí wọ́n fi eré náà sílẹ̀ níbẹ̀. Òpó wí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn onídìíje, àwọn tó ṣètò ìdíje náà, ti kó ẹrù wọn lọ kí ọmọ náà tó kú, wọn ò gbọ́ nǹkan kan, òfin sì ni pé ẹgbẹ́ tí ẹni tó forúkọ sílẹ̀ nínú rẹ̀ kò bá pé mẹ́rin ti jáde.

"Ṣé kí ẹlòmíì wá gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lọ́wọ́ rẹ̀ ni?" Abẹ́rẹ́ bi wọ́n. "Kó sì di pé orúkọ ẹ̀ ò sí níbì kankan mọ́? Ẹ jẹ́ ká bá a parí ẹ̀. Káàdì ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi."

Aláwàdà ní òun gbà, láìṣe àwàdà kankan. Òpó ní tó bá jẹ́ torí rẹ̀ ni, ó dáa. Abẹ́rẹ́ ló kọ lẹ́tà náà. *Mo ní ìdánwò. Mo yọ̀ǹda kí adelé jókòó sípò mi.* Ó mọ bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ń fọwọ́ sí ìwé, ó fi ìrù kékeré sí ìdí rẹ̀ bó ṣe máa ń wà.

Ní ìlú kẹrin, wọ́n gbé páàdì sórí àga, wọ́n ki káàdì bọ̀ ọ́. Eré bẹ̀rẹ̀. Ọmọ eré tó wà lẹ́yìn ilé ṣí ẹsẹ̀, ó yí ilé po lẹ́ẹ̀kan, ó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn iwájú, ó fọwọ́ kan ti ọ̀tún, ó fọwọ́ kan ti òsì, ó padà sẹ́yìn lọ dúró. Irun ara Abẹ́rẹ́ dìde. Òpó gbé ojú kúrò.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, ọmọ eré náà fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀, ó lọ kọjú sí ògiri, ó dúró.

"Ẹ̀rọ yìí ti há," ni Òpó wí.

Abẹ́rẹ́ ń kà á lọ́kàn. Ení, èjì, ẹ̀ta. Nígbà tó pé èje, ọmọ eré náà yí padà, ó lọ sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Káàdì kì í yan èyí tó máa kọ́ àti èyí tó máa fi sílẹ̀. Ó ti kọ́ ìrora ọjọ́ yẹn mọ́ ìyókù.

Wọ́n borí ní ìlú kẹrin. Wọ́n borí ní ìkarùn-ún, ní ìkẹfà àti ní ìkeje, lẹ́tà mẹ́rin sì ni Abẹ́rẹ́ kọ, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìdánwò. Ká ní àwọn onídìíje ní làákàyè ni, wọn ì bá ti béèrè irú ìdánwò tí kì í tán. Àmọ́ ẹni tí nǹkan ń lọ dáadáa fún kì í béèrè ọ̀rọ̀.

Ẹ̀rù ti ń ba Abẹ́rẹ́ nígbà yẹn, ìdí rẹ̀ kì í sì í ṣe irọ́ náà. Tí eré bá ń lọ, ó máa ń gbọ́ èémí ẹnì kan nínú ohun etí rẹ̀, níbi tí ohùn Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ máa ń wà, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí ohun etí kẹrin wà lórí rẹ̀. Lọ́sàn-án gangan, tí àwọn yòókù bá ti lọ jẹun, á dá wọ yàrá ìgbáradì, á tan ẹ̀rọ, á ki káàdì bọ̀ ọ́, á jókòó. Kì í ta eré kankan. Á kàn máa wò ó bó ṣe ń yí ilé po. Nígbà tó bá lọ kọjú sí ògiri, á ní "Pẹ̀lẹ́. Jọ̀ọ́, pẹ̀lẹ́," bí ẹni tó jókòó ti aláìsàn. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí òun náà ò rí oorun sùn dáadáa, tó bá sì di ojú, ení dé èje ló ń kà.

Kí ló dé tí kò fi sílẹ̀? Ìdí kan ni. Àṣà àwọn onídìíje ni pé ẹgbẹ́ tó bá ti jáde á dá káàdì padà, wọ́n á nù wọ́n mọ́ fún àwọn ti ọdún tó ń bọ̀. Tí àwọn bá pàdánù, wọ́n á nù ún. Tí àwọn bá gba ife ní ìlú kẹjọ, wọ́n á nù ún bákan náà. Ohun tó kù láyé tó ń rìn bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ń rìn wà nínú nǹkan tí kò ju èékánná lọ, Abẹ́rẹ́ kò sì mọ bí òun ṣe máa là á já lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbà á. Nítorí náà, ó ń borí, kó lè sún ọjọ́ náà síwájú.

Ohun tí kò mọ̀ ni àṣà kejì. Wọn ò dé àṣekágbá rí, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn. Tí ó bá ti ku ẹgbẹ́ méjì, akọ̀wé ìdíje, obìnrin ọlọ́yàyà kan tó máa ń fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́rùn, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà sí òbí ọmọ kọ̀ọ̀kan. *Ọmọ yín ti ṣe gudugudu méje. Ẹ wá wò ó bó ṣe máa ta eré àṣekágbá, lọ́jọ́ Sátidé, ní aago méjì ọ̀sán.* Àdírẹ́sì wà nínú ìwé tí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi forúkọ sílẹ̀. Òbí ọmọ mẹ́jọ ni akọ̀wé kọ lẹ́tà sí. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ aránṣọ tó ti sin ọmọ rẹ̀ láti nǹkan bí oṣù méjì àbọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, Abẹ́rẹ́ ń to páàdì sórí àga nígbà tó gbójú sókè tó rí ìyá náà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó gbé báàgì kọ́ apá, lẹ́tà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ Abẹ́rẹ́ kò mọ ibi tó ń gbà tó fi dé iwájú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, Mà."

"Abẹ́rẹ́. Dìde." Ohùn ìyá náà balẹ̀. "Wọ́n ní ọmọ mi ń ta ayò lónìí."

"Mà..."

"Orí mi ò dàrú. Mo mọ ibi tí mo sin ọmọ mi sí. Àmọ́ mo ti ka lẹ́tà yìí, mo kà á títí bébà fi rọ̀ lọ́wọ́ mi. Bàbá ẹ̀ ní òkú kì í ta ayò, kí n jù ú nù. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ kí n lọ wo ẹni tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ mi kiri."

Àwọn àgbà ní kí ọmọ ẹni kú yá ju kó nù lọ. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú á sunkún, ọjọ́ á máa gorí ọjọ́. Èyí tí ọmọ rẹ̀ nù á máa yọjú sí títì nígbàkúùgbà tó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Abẹ́rẹ́ ti gba ọmọ tó kú lọ́wọ́ obìnrin yìí, ó ti sọ ọ́ di ọmọ tó nù. Ó rí i lójú rẹ̀ níbẹ̀, bí ojú náà ṣe ń ti orí àga kan bọ́ sí òmíràn.

Ó ṣàlàyé fún un. Ó sọ nípa káàdì, ó sọ nípa adelé, ó ń gé ọ̀rọ̀ jẹ. Ìyá náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìmi ọrùn.

"Bó ṣe máa ń ta á gan-an ló ń ta á?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Mà."

"Ibo ni àga ẹ̀ wà?"

Òbí ní ẹ̀tọ́ láti jókòó lẹ́yìn àga ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ àṣekágbá. Àwọn onídìíje fẹ́ràn ẹkún ayọ̀. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló gbé àga wá.

"Ẹ kú oríire ọmọ o, Mà!" ó ní. "Ọmọ dáadáa lẹ bí. Ìdánwò ò jẹ́ kó wá, àmọ́ kò sí aburú, adelé ẹ̀ wà níkàlẹ̀."

"Ìdánwò," ni ìyá náà wí. Ó wo Abẹ́rẹ́, ó jókòó.

Eré bẹ̀rẹ̀. Páàdì gbọ̀n lórí àga, ìyá náà fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. Nígbà tó yá, ó rọra gbé ọwọ́ náà padà, ó fi lé e. Lójú tẹlifíṣọ̀n, ọmọ eré tó wà lẹ́yìn ilé ti ń yí ilé po.

"Ó ń ti ilẹ̀kùn," ìyá náà ní. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Òun ló máa ń ti ilẹ̀kùn nílé wa. Tí mo bá wà lórí ẹ̀rọ tí mò ń ránṣọ, mo máa ń gbọ́ ọ. Á ti iwájú, á ti ẹ̀gbẹ́, á ti ẹ̀gbẹ́ kejì, á wá ti ẹ̀yìn. Ah! Ọmọ mi ò!"

Omijé ń bọ́ lójú Aláwàdà, ó sì ń ta eré lọ. Abẹ́rẹ́ ti gbé apá kan ohun etí rẹ̀ sókè kó lè gbọ́ ìyá náà. Ẹgbẹ́ kejì jí àtùpà wọn lẹ́ẹ̀kan, láti ọwọ́ òsì. Abẹ́rẹ́ lọ, ó gba ojú fèrèsé, ó jí tiwọn náà. Ó wá di ọ̀kan sí ọ̀kan. Ẹni tó bá tún jí ọ̀kan ló gba ife.

Ìgbà náà ni adelé fi ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn sílẹ̀, tó lọ kọjú sí ògiri.

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?" ìyá náà béèrè.

"Ẹ̀rọ náà máa ń há ni, Mà," ni Òpó dáhùn láìbojú wẹ̀yìn.

"Kò há. Ẹ̀rọ ni mo fi ń jẹun, mo mọ èyí tó há. Èyí tó há máa ń dúró síbi iṣẹ́ tó ń ṣe ni. Èyí fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó wá ibi tó máa dúró sí." Ó sún mọ́ iwájú. "Abẹ́rẹ́, kí ló ń ṣe ọmọ mi?"

Ọ̀pọ̀ nǹkan ló wà tí Abẹ́rẹ́ lè sọ. Òpó ti sọ ọ̀kan sílẹ̀ fún un, kò ju kó gbè é lọ. Àwọn ọ̀tá ti ń kó ara wọn jọ lẹ́yìn ilé, ẹni tó ń ròyìn eré ti ń pariwo nínú gbohùngbohùn pé ẹ̀yìn ṣófo, ẹ̀yìn ṣófo. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí páàdì. Ẹnu rẹ̀ ló la fúnra rẹ̀.

"Orí ló ń fọ́ ọ, Mà."

"Kí lo wí?"

"Ọjọ́ tó ta á kẹ́yìn, orí ń fọ́ ọ. Ó sọ fún mi. Èmi nìkan ló sọ fún. Mo ní kó fara dà á. Mo ní ó ku díẹ̀. Mo ní màá sìn ín lọ sí kílíníìkì tá a bá ṣe tán, a sì ṣe tán, mo gbàgbé. Mo gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀, Mà. Ohun tó ń ṣe nìyẹn. Ó ń sinmi orí ẹ̀."

"Abẹ́rẹ́?" ni Aláwàdà wí. Òpó ti dá ọwọ́ dúró.

Lójú tẹlifíṣọ̀n, ọmọ eré náà yí padà kúrò lára ògiri, ó padà sẹ́yìn, ó lé àwọn ọ̀tá dànù lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń ṣe. Gbọ̀ngàn hó yèè. Kò pẹ́ tó fi tún lọ sídìí ògiri.

"Ṣé bó ṣe ń ṣe ní gbogbo ìlú tẹ́ ẹ dé nìyí?" ìyá náà béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ìlú mélòó?"

"Márùn-ún, pẹ̀lú èyí."

"Ìlú márùn-ún," ìyá náà ní. "Orí ń fọ́ ọmọ mi ní ìlú márùn-ún, ẹ sì ń pàtẹ́wọ́."

"Ẹ̀rọ ni, Mà. Kò mọ ìrora."

"Èmi mọ̀ ọ́n." Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí páàdì tó ń gbọ̀n. "Yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Jẹ́ kó sinmi."

Abẹ́rẹ́ gbé páàdì tirẹ̀ sílẹ̀. Ó dìde láàárín eré àṣekágbá, ohun etí já bọ́ lórí rẹ̀, ó gun orí wáyà kọjá lọ síbi àga kẹrin. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbìyànjú kó tó rí káàdì náà fà yọ. Iná pupa kú. Lójú tẹlifíṣọ̀n, ẹni tó kọjú sí ògiri kò sí mọ́. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀ gbayawu, àwọn ọ̀tá sì wọlé, wọ́n rọra ń rìn, nítorí wọn ò gbà pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Wọ́n gbé àtùpà, wọ́n jáde.

Ariwo àwọn tó borí ò tíì rọlẹ̀ nígbà tí akọ̀wé sáré dé, awò ojú rẹ̀ ń fì láyà.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ yọ káàdì? Ta ló ní kẹ́ ẹ yọ ọ́?"

"Ó ti kú, Mà," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Láti ìlú kẹta. Èmi ni mo kọ gbogbo lẹ́tà yẹn."

Akọ̀wé wo ìyá náà. Ó rántí ohun tí òun fi ọwọ́ ara òun kọ, gudugudu méje, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín wáyà.

Abẹ́rẹ́ na káàdì náà sí ìyá, lórí àtẹ́lẹwọ́. Ó ní, "Ẹ mú un, Mà. Tí wọ́n bá gbà á, wọ́n á nù ún. Kò sí ibòmíì tó wà mọ́."

Ìyá náà wò ó pẹ́. Ó fi ìka kan kàn án. Lẹ́yìn náà, ó mú un, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi lé akọ̀wé lọ́wọ́.

"Ẹ nù ún," ó ní. "Ẹ nù ún dáadáa."

Abẹ́rẹ́ sunkún nígbà náà, ẹkún tí kò sun ní ọsibítù, tí kò sì sun níbi ìsìnkú. Aláwàdà fẹ́ dì í mú, ìyá náà fi ojú dá a dúró. Òun fúnra rẹ̀ kò fọwọ́ kàn án. Ó dúró tì í títí ẹkún náà fi rọlẹ̀, kò sọ pé kó má sun ún mọ́, kò sì ṣépè.

"Mà, ẹ dárí jì mí."

"Má tọrọ ìyẹn lọ́wọ́ mi lónìí." Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá. "Gbé ẹrù ẹ. Ọkọ̀ á gbéra láago mẹ́rin, a máa délé kílẹ̀ tó ṣú. Láti ọjọ́ tọ́mọ yẹn ti kú ni bàbá ẹ̀ ti ń bi mí láràárọ̀ pé ṣé kò sọ fún ẹnì kankan ni. Mo ti ń dá a lóhùn pé kò sọ. Ìwọ lo máa dá a lóhùn lónìí."

Abẹ́rẹ́ gbé ẹrù rẹ̀, ó tẹ̀ lé e.